Ohùn Bàbá Lórí Káńtà

Ọlọ́kadà tó gbé Fọ́tò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló wá sọ ọ́ fún Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Fọ́tò obìnrin, ní ìsọ̀ ìránṣọ. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀. Ó ní àwọn ọlọ́pàá dá àwọn dúró ní oríta, wọ́n ní kí Fọ́tò tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá kámẹ́rà níbẹ̀, wọ́n bá kọ̀ǹpútà alágbèéká, ni ojú wọn bá là. Wọ́n ní ọmọ tó ń gbé irú nǹkan báyìí kiri, olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ní kó ṣí fóònù rẹ̀. Ó ní ayàwòrán ni òun, kí wọ́n bi gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣí fóònù òun fún ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n wá gbá a létí," ọlọ́kadà náà wí. "Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà téèyàn fẹ́ gé èékánná fọ́mọ kékeré, wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ojú fóònù náà. Ó ṣí."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ọwọ́ wọn ni fóònù náà wà?"

"Ọwọ́ wọn ló wà. Àtinú mọ́tò ni wọ́n ti ń kà á. Mo ti kọ́kọ́ dé ilé yín, Màmá ní kí n wá pè ẹ́."

Lẹ́yìn tó ti béèrè fóònù ló tó rántí béèrè bóyá wọ́n ṣe àbúrò rẹ̀ léṣe. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é kó má rí bẹ́ẹ̀. Ara Fọ́tò yóò san. Ohun tó wà nínú fóònù yẹn, tó bá ti jáde, kò tún sí ẹni tó lè dá a padà.

Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Ohùn bàbá wọn ni. Bàbá wọn, káfíńtà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́ ilé onílé, ti dùbúlẹ̀ láti ìgbà òjò. Ìyá wọn gbà pé ọgbẹ́ inú ni, nítorí ọgbẹ́ inú ni ọkọ rẹ̀ pè é fún un. Àwọn ọmọ méjèèjì nìkan ló mọ ohun tí dókítà sọ. Jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn káàkiri, kò sì sí ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe ju oògùn ìrora lọ. Bàbá ló ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ó ní ìyàwó òun ni, ikú òun ni, ẹnu òun ni òun yóò sì fi sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tó bá wu òun. Ó gbìyànjú títí, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìgbà tó yá ló dá ọjọ́ fún ara rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ló dá.

Ní àná, ó yá fóònù Aránṣọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó ní kí Fọ́tò gbọ́ ọ kó wò ó bóyá kò le jù. Nínú wọn, Fọ́tò lẹnu rẹ̀ dùn. Òun ló ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú àwọn ìyàwó tójú ń tì rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà. Aránṣọ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: Màámi kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Pa á rẹ́ tó o bá ti gbọ́ ọ tán. Òun pa tirẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé inú fóònù ló láàbò jù, torí ògiri ilé wọn fẹ́lẹ́, ìyá wọn sì máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ ní yàrá kejì. Ta ló rò ó pé ẹni tí ìjọba ń sanwó fún ni yóò wá yọ ọ́ síta?

Nígbà tí Aránṣọ fi máa délé, ìyá rẹ̀ ti wé gèlè, ó ti wọ bàtà, ìrẹsì wà lórí sítóòfù tó ń hó lọ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ìrẹsì rírọ̀ ni, tí wọ́n se títí tó fi dà bí oúnjẹ ọmọ tí kò tíì héyín, nítorí inú bàbá kì í gba nǹkan líle mọ́. Ìyá Onílé dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn," Ìyá Onílé ń sọ. "Kí ló dé tí kò ṣí i fún wọn? Ká ní èmi ni, màá ṣí i. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?"

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ògiri ọgbà rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ, ó sì fi àfọ́kù ìgò to orí rẹ̀ yí ká. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó jẹun. Nínú gbogbo ayálégbé rẹ̀, kò sí ẹni tó tíì rí àwọ̀ kọ́tìnì yàrá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti fóònù ọmọ ọlọ́mọ, kò ní nǹkan kan tó ń fi pamọ́. Irú wọn pọ̀ ládùúgbò, wọn ò sì mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá fi ń jẹun.

Aránṣọ pa sítóòfù, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ kí èmi nìkan lọ. Ẹ dúró ti Bàámi."

"Kí n dúró ti bàámi rẹ, kí n máa wo àjà? Ọmọ mi ni wọ́n mú."

"Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

"Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ló ti ń ru. Ṣé tí mo bá jókòó sílé ni kò ní ru mọ́?"

"Màámi, mo bẹ̀ yín. Àwọn èèyàn yẹn ò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Èmi mọ̀ ọ́n sọ." Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mọ ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wà níbẹ̀ tó ò fẹ́ kí n rí?"

Aránṣọ ń wá irọ́, irọ́ ò wá. Bàbá ló gbà á sílẹ̀ láìmọ̀. Ohùn rẹ̀ ti inú yàrá jáde, tínrín, ó ní ta ló ń pariwo níta.

"Kò sí o, Bàbá wọn," ìyá dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lójijì. "Oníbàárà Aránṣọ kan ni. Ó ní aṣọ òun fún òun jù."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé nínú ilé náà, oníkálukú ń fi nǹkan bo ẹlòmíràn kí òtútù má baà mú un. Aránṣọ fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n bàbá ń pè é. Ó wọlé tọ̀ ọ́.

Bàbá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí méjì. Ó ti gé irùngbọ̀n. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́, ó sì ti de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Ó fọwọ́ pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣé àbúrò rẹ ti gbọ́ ọ?"

"Ó ti gbọ́ ọ, Bàámi."

"Kí ló ní?"

"Ó ní ó dáa."

"Ṣé kò le jù?"

"Kò le jù."

Bàbá mi orí. "Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. Kí ẹ fún wa láyè díẹ̀."

Nígbà tí Aránṣọ fi máa jáde síta, ìyá rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà, ó ń lọ kánmọ́kánmọ́. Ńṣe ló sáré bá a.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ káfíńtà kò lè wọ àgọ́ ọlọ́pàá náà kó má kọ́kọ́ rí káńtà rẹ̀. Ìkànkukàn ni. Pákó kò bára wọn mu, ìṣó yọrí síta, wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà kí ìtìjú rẹ̀ lè bò. Lórí rẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ẹrù Fọ́tò sí. Ọlọ́pàá kékeré méjì ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n ń wo àwòrán àwọn ìyàwó tí Fọ́tò yà, àwọn èyí tó yà nínú yàrá kí wọ́n tó wọṣọ tán, tí àwọn ìyàwó náà gbà kó yà nítorí wọ́n fọkàn tán an, tó sì ti ṣèlérí fún wọn pé ọkọ wọn nìkan ló máa rí i.

"Èyí náà ò burú," ọ̀kan wí. Ó fẹ àwòrán náà tóbi sí i.

Fọ́tò jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní igun, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti wú. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó di ojú. Aránṣọ mọ̀ nígbà náà pé kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn.

Ọ̀gá wọn, tó wọ gíláàsì ìkàwé, ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Kò dá kíkí wọn lóhùn. Ó fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́ka sí bẹ́ǹṣì fún wọn. Ìyá jókòó. Aránṣọ dúró.

"Ta ni Àǹtí tí ọmọ yìí kọ sínú fóònù rẹ̀, nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ìwọ lo ní kó pa nǹkan rẹ́."

"Èmi ni."

"Kí lẹ fẹ́ pa rẹ́? Mo rí ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mi ò tíì gbọ́ ọ, ẹnu yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti bi í, kò fọhùn. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, kò fọhùn. Wọ́n tún bá a sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, o ń wo etí rẹ̀ yẹn, kò ṣáà fọhùn. Gbé fóònù tìrẹ wá."

"Ṣé ilé ẹjọ́ ló ní kí ẹ gba tèmi náà ni?"

Ọ̀gá náà wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ aránṣọ bó ṣe ń béèrè ilé ẹjọ́. Tó ò bá gbé e wá, ilẹ̀ yìí ni àbúrò rẹ yóò sùn, yóò sì tún bẹ níbẹ̀ lọ́la."

Ó gbé e fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣí i, kò dúró kí wọ́n wá di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ìyẹn nìkan ló sì rí gbà nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà fi ìka tó ti fi mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tú u wò láti òkè dé ilẹ̀. Ó ka ohun tó kọ sí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka ọ̀rọ̀ òun àti oníbàárà kan tó ní kó fi nǹkan kún àyà aṣọ òun. Nígbà tó dé ibi tí ohùn yẹn yẹ kó wà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìwọ ti pa tìrẹ rẹ́. Ṣé o rí i? Ẹ mọ iṣẹ́ yín."

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀."

"Kò sí kọ̀rọ̀ níbí."

Aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá má baà gbọ́. "Ẹ gbé e sí etí tiyín nìkan. Ẹ gbọ́ ọ tán. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ẹ ti èmi náà mọ́lé. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pariwo."

Ọ̀gá náà ti ń nawọ́ sí fóònù Fọ́tò, ó sì dà bíi pé yóò gbọ́ sí i lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ìyá ti sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ọ̀gá, ẹ gbé e sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ọmọ mi kò jalè rí. Ohun yòówù kó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jáde kó lè máa bá wa lọ sílé."

"Màámi, ẹ dákẹ́."

Láti ọjọ́ tó ti dáyé, Aránṣọ kò pàṣẹ ìdákẹ́ fún ìyá rẹ̀ rí. Ẹnu ya ìyá. Fọ́tò ti dìde lórí orúnkún níbi tó wà.

"Mo jalè," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n gbà, mo gbà á, màá fọwọ́ sí i. Ẹ gbé fóònù yẹn kalẹ̀."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe burú tó, kí ọmọ téèyàn ò rí ẹ̀sùn kà sí lọ́rùn máa bẹ̀ kí wọ́n fi òun sẹ́wọ̀n. Ẹni tó ní ọpọlọ ì bá ti fura pé ohun mìíràn ló wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá náà rí níbẹ̀ ni pé ọwọ́ òun ti ba nǹkan ńlá. Ó gbé ohùn fóònù Fọ́tò sókè dé òpin, ó gbé fóònù náà lé orí káńtà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ìyá gbé orí sókè, nítorí kò sí ẹni tó mọ ikọ́ yẹn tó ìyá.

"Ìyá wọn, jókòó," ohùn náà wí. "Má dá sí i, kí n lè sọ ọ́ tán. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú ló ń ṣe mí. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ti sọ ọ́ fún mi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Wọn ò lè rí i ṣe mọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́ fún ẹ. Ọ̀nà tí kò fi ní gbé ẹ ṣubú ni mò ń wá." Ikọ́ tún dé. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, o sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ayé wá, ìwọ náà ni màá tún fẹ́. Ìwọ náà ni." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Fọ́tò, báwo lo ṣe gbọ́ ọ sí? Ṣé kò le jù?"

Ọlọ́pàá kékeré tó ń wo àwòrán ìyàwó ti rẹ́rìn-ín sí ibi tí bàbá ti ní òun yóò tún fẹ́ ẹ, ẹ̀rín náà wá kú sí i lẹ́nu, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

Ìyá dìde, ó rìn dé ìdí káńtà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà bí ìgbà téèyàn fẹ́ pa ojú òkú dé.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rí," ọ̀gá náà wí. Àṣà iṣẹ́ ló sọ ọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìyá kò gbé ọwọ́, ó rọra ká ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa fóònù náà sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni ẹkún wá. Ìyá sunkún níbẹ̀, ó dojú kọ pákó tí wọn ò kàn dáadáa, níwájú àwọn ọmọkùnrin tí kò mọ̀ rí, níwájú obìnrin kan tó wá fi ẹ̀sùn adìyẹ sùn, pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ imú rẹ̀. Ó sun ún títí tí kò fi kù nínú rẹ̀ mọ́. Fọ́tò rákò wá, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Aránṣọ dúró gbagidi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ọ̀gá náà wí nígbẹ̀yìn. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Iṣẹ́ la ń ṣe. Ẹ ò tètè sọ fún wa ni."

"Mo sọ fún yín," Aránṣọ wí. "Mo ní ẹ gbé e sí etí yín nìkan. Etí gbogbo ayé lẹ gbé e sí."

"Mádàámú, má jẹ́ kí inú bí mi o. A ti ní kó máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Olè tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti di ọmọ dáadáa tó lè máa lọ sílé. Wọ́n dá kámẹ́rà padà, wọ́n dá kọ̀ǹpútà àti fóònù Aránṣọ padà, wọ́n sì ní kí wọ́n wá nǹkan fún epo mọ́tò tí wọ́n fi gbé e wá, Aránṣọ sì san án. Ṣùgbọ́n fóònù Fọ́tò, wọ́n ní ó di ọwọ́ àwọn ná. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, àwọn ṣì máa tú u wò dáadáa. Nígbà tí Fọ́tò béèrè pé ẹ̀rí kí ni, wọ́n bi í pé ṣé ó fẹ́ padà sí igun ni.

Wọ́n gba ọ̀nà ilé. Ìyá ló ṣáájú. Wọ́n dé ibi ẹ̀rọ omi kan, ó dúró, ó bu omi bọ́jú, ó tún bu omìíràn.

"Mi ò pa á rẹ́, Màámi," Fọ́tò wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mo fẹ́ pa á rẹ́. Ohùn Bàámi ni, ọwọ́ mi ò gbà á."

Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀. Mò ń se ìrẹsì rírọ̀ lójoojúmọ́, mò ń dúpẹ́ pé ó jẹ ṣíbí méjì, ẹ̀ ń wò mí." Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n dáadáa kó tó fi wọ́n sílẹ̀. "Bàbá yín kò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo ti gbọ́. Kò gbọdọ̀ mọ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn gbọ́ ọ. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́." Ó wá yíjú sí Aránṣọ. "Ṣé ojú mi ṣì pọ́n?"

"Díẹ̀ ni, Màámi."

Ó tún bu omi.

Ìyá Onílé ti wà lẹ́nu géètì tó ń dúró dè wọ́n. Ó kí Fọ́tò kú ewu, ó wo etí rẹ̀, ó ní pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè tètè dé ibi tó ń lọ. "Kí ni wọ́n wá bá nínú rẹ̀?"

"Ẹ mú fóònù yín wá, Ìyá Onílé," Aránṣọ wí.

"Kí n mú kí ni wá?"

"Fóònù yín. Ẹ ní ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń fi pamọ́. Ẹ mú un wá, kí n máa kà á sókè fún gbogbo ayálégbé. Tó bá ní ohùn nínú, màá tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ọwọ́ Ìyá Onílé ti lọ sí ibi tó há fóònù mọ́ ìró rẹ̀ kó tó mọ̀. "O ti ń yájú jù, ìwọ ọmọ yìí." Ó wọlé. Gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lálẹ́, ìyá gbé ìrẹsì wọlé fún bàbá. Wọ́n sọ fún un pé Fọ́tò ń ṣe iṣẹ́ lọ́wọ́, kó má baà rí etí rẹ̀. Bàbá jẹ ṣíbí mélòó kan, ó ní ó dùn. Aránṣọ wá kó àwo. Bó ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, ó gbọ́ ikọ́, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ìyá wọn, jókòó," bàbá wí.

"Mo ti jókòó."

"Má dá sí i, kí n lè sọ ọ́ tán. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú ló ń ṣe mí."

Ó ti kọ́ ọ sórí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń jáde bó ṣe jáde lórí káńtà, jẹjẹrẹ, dókítà, ọ̀nà tí kò fi ní gbé e ṣubú. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, Aránṣọ rí ẹ̀gbẹ́ ojú ìyá rẹ̀. Ìyá tẹjú mọ́ ẹnu ọkọ rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e. Aránṣọ mọ ibi tó ń lọ.

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ," bàbá wí, "mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, o sì mọ̀."

Ó dúró. Ó la ẹnu, ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá fi ara sún mọ́ ọn. Gbólóhùn tó kù kò jáde. Sínú fóònù, ó ti rí i sọ. Lójú obìnrin náà fúnra rẹ̀, ojú tì í.

"Ó tán," bàbá wí.

"Ṣé ó tán lóòótọ́?"

"Ó tán."

Wọ́n jọ jókòó bẹ́ẹ̀. Bàbá ń wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ń dúró de omijé. Ìyá ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀, ó ń dúró de gbólóhùn kan. Omijé ti tán sórí káńtà àwọn ọlọ́pàá, ìyá ò sì lè béèrè gbólóhùn náà láìjẹ́wọ́ ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aránṣọ di àwo ọwọ́ rẹ̀ mú títí ìka rẹ̀ fi ń dùn ún. Bí ọ̀gá onígíláàsì yẹn bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nígbà yẹn, àwo yẹn ni ì bá fọ́ mọ́ ọn lórí.

"Ojú rẹ gbẹ," bàbá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣé ẹnì kan ti sọ fún ẹ ni?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi?" ìyá dáhùn. "Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, Bàbá wọn. Kò sí ẹlòmíràn."

Ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, ó tún ìrọ̀rí ṣe, ó dúró tì í títí tí oorun fi gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló jáde wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó.

"Fóònù yẹn," ó wí fún Fọ́tò, "ọjọ́ wo ni wọ́n ní kó o wá gbà á?"

"Wọn ò dá ọjọ́, Màámi. Wọ́n ní ẹ̀rí ni."

"Ohùn ọkọ mi ni." Ohùn tirẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Mo fẹ́ tún gbọ́ ọ. Tílẹ̀ bá ti mọ́, èmi ni màá ṣáájú yín débẹ̀, mi ò sì ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn."